Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Sáfà Inú Ilé Tó Wà Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ fi Debian (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux) sí, tàbí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré, tí ẹ so mọ́ ráútà, tó láti ṣe sáfà ilé, kó máa tọ́jú fọ́tò ìdílé, ìwé iṣẹ́ àti fíìmù láìsan owó oṣooṣù fún ẹnikẹ́ni. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ níjọ́ tí ẹ bá fẹ́ máa wò ó láti ìta. Bí ẹ bá ṣí pọ́ọ̀tì kan ṣoṣo (ilẹ̀kùn tí ìpè ń gbà wọlé) lórí ráútà láàárọ̀, àwọn àlejò tí ẹ ò pè lè ti máa kanlẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọn ò mọ̀ yín rí o. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó wà láyé kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ. Lọ́dún 2013 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Michigan gbé ZMap jáde, ètò tó lè kan gbogbo wọn wò láàárín ìṣẹ́jú 45 láti orí kọ̀ǹpútà kan tó ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó já fáfá. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn olè ń lò tọ̀sán-tòru. Mirai, ètò aṣebi tó kó kámẹ́rà àti ráútà ilé onílé lẹ́rú lọ́dún 2016, kò lo ọgbọ́n àrà kankan: nǹkan bí ọgọ́ta orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi sínú ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń dán wò, títí ọ̀kan á fi ṣí.

Àwọn àṣẹ ìsàlẹ̀ yìí wà fún Debian 12 àti 13, àti Ubuntu 24.04. Orúkọ tí a fi ń wọlé nínú àpẹẹrẹ wa ni `ile`, àdírẹ́sì sáfà nínú ilé sì ni 192.168.1.50, ẹ fi tiyín rọ́pò. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wọ ojú ìwé ráútà, níbi tí wọ́n kọ DHCP reservation sí, kí ẹ so àdírẹ́sì yẹn mọ́ sáfà. Bí ẹ ò bá ṣe é, iná lọ iná dé, àdírẹ́sì á yí padà, òfin tí ẹ kọ fún sáfà á wá máa tọ́ka sí fóònù ọmọ yín.

Ẹ wo ohun tó ń gbọ́ ná

```
sudo ss -tulpn
```

Ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá jáde jẹ́ ètò kan tó ń dúró de ìpè. Tí ẹ bá rí `127.0.0.1:5432`, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nìkan ló lè bá ètò yẹn sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. `0.0.0.0:22` tàbí `[::]:22` ni kí ẹ fojú sí, torí ẹnikẹ́ni tí ọ̀nà bá gbé dé ibẹ̀ ló ń dá lóhùn. Ìlà tí ẹ ò bá lè sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ẹ pa á:

```
sudo systemctl disable --now cups cups-browsed avahi-daemon
```

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àṣírí ihò kan tú nínú cups-browsed, ètò ìtẹ̀wé tó ń gbọ́ ní pọ́ọ̀tì 631. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò tíì fojú kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí ló ní i nínú. Bí àṣẹ náà bá sọ pé ọ̀kan nínú wọn kò sí, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀.

SSH: kọ́kọ́rọ́ rọ́pò pásíwọ́ọ̀dù

SSH ni ọ̀nà tí a fi ń wọ sáfà láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn ti máa ń ti ara wọn mọ́ta. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ (kì í ṣe lórí sáfà), ẹ tẹ:

```
ssh-keygen -t ed25519
ssh-copy-id ile@192.168.1.50
```

Tó bá béèrè passphrase, ẹ fún un ní gbólóhùn tó gùn. Òun ni yóò gbà yín sílẹ̀ tí wọ́n bá jí láptọ́ọ̀pù lọ. Fáìlì méjì ló máa jáde: `id_ed25519` kò gbọdọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ yín láé, `id_ed25519.pub` sì ni ti gbangba. Windows kò ní `ssh-copy-id`. Ẹ fi Notepad ṣí fáìlì `.pub`, kí ẹ da ìlà kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ kọ sínú `~/.ssh/authorized_keys` lórí sáfà. Ìlà kan ni o. Tó bá já sí méjì níbi tí ẹ ti ń dà á kọ, kò ní ṣiṣẹ́, SSH ò sì ní sọ ìdí fún yín.

Ẹ wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ṣì ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù sáfà, àṣẹ lórí fáìlì ló sábà máa ń fà á: SSH kì í gba kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fódà tí ẹlòmíì lè kọ nǹkan sí.

```
chmod go-w ~
chmod 700 ~/.ssh
chmod 600 ~/.ssh/authorized_keys
```

Tó bá ti wọlé láìbéèrè, ẹ ṣí fáìlì tuntun, `/etc/ssh/sshd_config.d/10-ile.conf`, kí ẹ kọ èyí sí i:

```
PasswordAuthentication no
KbdInteractiveAuthentication no
PermitRootLogin no
AllowUsers ile
```

Nọ́ńbà 10 tó ṣáájú orúkọ fáìlì yẹn níṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí sshd (ètò SSH lórí sáfà) bá kọ́kọ́ kà ló ń gbà, kì í gba èyí tó kà gbẹ̀yìn. Lórí Ubuntu, fáìlì kan lè wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ `50-cloud-init.conf`, tí `PasswordAuthentication yes` wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pe tiyín ní 99, ti cloud-init á borí, ẹ ó sì máa sùn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ilẹ̀kùn wà ní títì. Torí náà ẹ bi sshd fúnra rẹ̀ léèrè:

```
sudo sshd -t
sudo systemctl restart ssh
sudo sshd -T | grep -i passwordauth
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ń wá àṣìkọ. Tí kò bá sọ nǹkan kan, ó dáa. Ìkẹta gbọ́dọ̀ dáhùn `no`. Ẹ má pa fèrèsé tí ẹ ti wọlé tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣí òmíràn, kí ẹ tún wọlé láti ibẹ̀. Tó bá kọ̀, èyí tó ṣì ṣí ni ẹ ó fi ṣàtúnṣe. Ẹ wá dán an wò bí olè ṣe máa dán an wò:

```
ssh -o PubkeyAuthentication=no ile@192.168.1.50
```

`Permission denied (publickey)` ni ìdáhùn tí ẹ fẹ́ rí.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé SSH kúrò ní pọ́ọ̀tì 22. Ariwo inú lọ́ọ̀gì á dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kan gbogbo pọ́ọ̀tì wò á rí i. A ò ka ìyẹn sí ààbò.

Firewall, àti ibi tí Docker ti ń fo ògiri

```
sudo apt install ufw
sudo ufw default deny incoming
sudo ufw default allow outgoing
sudo ufw allow from 192.168.1.0/24 to any port 22 proto tcp
sudo ufw enable
```

ufw ni firewall wa, ògiri tó ń yan ìpè tó lè wọlé. Ẹ rí i pé ìlà kẹrin ṣáájú ìkarùn-ún. Ẹni tó bá tan firewall kó tó fàyè gba SSH á ní láti lọ wá kíbọ́ọ̀dù àti ojú kọ̀ǹpútà tí yóò so mọ́ sáfà. Ẹ tún wo `/etc/default/ufw` bóyá `IPV6=yes` wà níbẹ̀. Lórí IPv6, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé sábà máa ń ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tó ṣeé pè láti ìta, kò sí pé ráútà fi í pamọ́ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: Docker, ètò tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, kì í béèrè lọ́wọ́ ufw. Bí ẹ bá kọ `ports: "8080:80"` sínú fáìlì compose (ibi tí a ti ń to àwọn àpótí náà), Docker á lọ kọ òfin tirẹ̀ sínú iptables, pọ́ọ̀tì 8080 á sì ṣí bó tilẹ̀ jẹ́ pé `ufw status` ò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ìdí ni pé ibi tí Docker ti ń darí ìpè sínú àpótí rẹ̀ ṣáájú ibi tí òfin ufw ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
ports:
  - "127.0.0.1:8080:80"
```

Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ náà nìkan ló lè dé ibẹ̀. Ti dátábéèsì tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò nílò `ports` kankan rárá, torí àwọn àpótí inú compose kan náà ti mọ ara wọn lórúkọ.

Ráútà

Ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù ojú ìwé ráútà padà. Ẹ pa UPnP, èyí tó ń jẹ́ kí ohun èlò èyíkéyìí nínú ilé, títí kan tẹlifíṣọ̀n àti kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú, ṣí pọ́ọ̀tì síta láìgbàṣẹ. Ẹ pa ààyè tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣàkóso ráútà láti ìta. Ẹ má fi sáfà sí ibi tí wọ́n pè ní DMZ, torí gbogbo pọ́ọ̀tì pátá nìyẹn ń dà lé e lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àdírẹ́sì WAN (àdírẹ́sì ìta) tó wà lójú ìwé ráútà wé èyí tí `curl -4 ifconfig.me` bá sọ. Bí wọn ò bá bára mu, tàbí tí ti ráútà bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ti kó yín pọ̀ mọ́ àwọn oníbàárà mìíràn sẹ́yìn àdírẹ́sì kan. Ó wọ́pọ̀ lórí MiFi àti ráútà alágbèéká tí ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Nàìjíríà. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣí pọ́ọ̀tì tó, ìpè láti ìta ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Tailscale ni kí ẹ lò: ó ń lo WireGuard, ọ̀nà àṣírí tó ń so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, inú ilé ló sì ti ń pe ìta, kò nílò pọ́ọ̀tì ṣíṣí. Ẹ ṣáà fi ìjẹ́rìísí onípele méjì sórí àkáǹtì tí ẹ fi ń wọ̀ ọ́, torí ẹni tó bá gba àkáǹtì yẹn ti gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín.

Ọ̀nà kan ṣoṣo láti ìta: WireGuard

Tí àdírẹ́sì gidi bá wà lọ́wọ́ yín, pọ́ọ̀tì kan péré ló yẹ kó ṣí, UDP 51820. WireGuard kì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lóhùn rárá. Lójú ẹni tó ń kan pọ́ọ̀tì wò, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Ó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yà 5.6, lọ́dún 2020.

```
sudo apt install wireguard
umask 077
wg genkey | tee safa.key | wg pubkey > safa.pub
```

Ẹ kọ èyí sínú `/etc/wireguard/wg0.conf`:

```
[Interface]
Address = 10.66.66.1/24
ListenPort = 51820
PrivateKey = <ohun tó wà nínú safa.key>

[Peer]
PublicKey = <kọ́kọ́rọ́ gbangba ti fóònù>
AllowedIPs = 10.66.66.2/32
```

Áàpù WireGuard orí fóònù máa ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ fún fóònù ní `Address = 10.66.66.2/32`. Ní apá Peer tirẹ̀, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ gbangba sáfà sí i, pẹ̀lú `Endpoint` tó jẹ́ àdírẹ́sì ìta ilé yín àti `:51820`, `AllowedIPs = 10.66.66.1/32`, àti `PersistentKeepalive = 25`. Tí àdírẹ́sì ìta bá ń yí padà, iṣẹ́ dynamic DNS bíi DuckDNS á fún yín ní orúkọ tí kì í yí.

```
sudo systemctl enable --now wg-quick@wg0
sudo ufw allow 51820/udp
sudo ufw allow in on wg0
```

Lórí ráútà, ẹ darí UDP 51820 sí 192.168.1.50. Ẹ pa Wi-Fi fóònù kí ẹ tó dán an wò, kó lè gba ìta wọlé lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `sudo wg show`. Tí `latest handshake` kò bá hàn, mẹ́ta ni ẹ ó wò: TCP ni ẹ yàn lórí ráútà dípò UDP, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ti dàrú mọ́ra, tàbí àdírẹ́sì ìta ti yí. Tó bá hàn àmọ́ tí ojú ìwé ò ṣí, ẹ padà sí `ss`, ó lè jẹ́ pé 127.0.0.1 nìkan ni ètò náà ń gbọ́. Nígbà náà, `"10.66.66.1:8080:80"` ni kí ẹ kọ sínú compose.

Bẹ́ẹ̀ bá lè mú gbogbo ará ilé gba WireGuard wọlé, ẹ fo apá tó kàn yìí.

Tó bá di dandan kí gbogbo ayé rí i

Ojú ìwé iṣẹ́ yín lè nílò kí àjèjì rí i. Ẹ ṣí 80 àti 443 nìkan, lórí ráútà àti nínú ufw, kí ẹ fi Caddy, ètò tó ń gba ìpè wẹ́ẹ̀bù, síwájú. Òun á gba ìwé-ẹ̀rí HTTPS fúnra rẹ̀, á sì máa tún un gbà kó tó parí. Ẹ rántí pé ìwé-ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ń wọ inú àkọsílẹ̀ gbangba tí ẹnikẹ́ni lè kà. Bí ẹ bá pe orúkọ kan ní `ikoko.apeere.com`, kò tíì pẹ́ tó jáde tí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè `/wp-login.php` àti `/.env` lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ parí ìtò ètò náà, ẹ yan pásíwọ́ọ̀dù alákòóso, kí ẹ tó fún un lórúkọ ìta. Ètò tí ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sọ pé “yan alákòóso” á gba ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀.

Fail2ban, tó ń dènà àdírẹ́sì tó bá ń kùnà léraléra, wúlò níbí, ju orí SSH tó ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ lórí SSH náà, lórí Debian 12 ẹ kọ `backend = systemd` sábẹ́ `[sshd]` nínú `/etc/fail2ban/jail.local`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á wá `/var/log/auth.log` tì, kò sì ní dìde.

Àtúnṣe ètò

```
sudo apt install unattended-upgrades
sudo dpkg-reconfigure -plow unattended-upgrades
sudo unattended-upgrade --dry-run --debug
```

Nínú `/etc/apt/apt.conf.d/50unattended-upgrades`, ẹ yọ `//` kúrò níwájú `Automatic-Reboot`, kí ẹ sọ ọ́ di `"true"`, kí ẹ sì fi `Automatic-Reboot-Time` sí `"03:00"`. Kernel (ọkàn Linux) tuntun tí ẹ gbà láìtún ẹ̀rọ tàn kò ṣe yín láǹfààní kankan.

Apt kì í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú Docker. Ìyẹn ni `docker compose pull`, lẹ́yìn náà `docker compose up -d`, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ ka àkọsílẹ̀ ẹ̀yà tuntun kí ẹ tó fa èyí tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ yí padà.

Ẹ dúró sórí ẹ̀yà stable, èyí tí wọ́n ti dán wò tó. Nígbà tí wọ́n rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan fi pamọ́ sínú xz (ètò tó ń fún fáìlì pọ̀) ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1 ní oṣù kẹta ọdún 2024, Debian testing àti unstable ló ti gbà á. Àwọn tó wà lórí stable kò ní i rárá.

Ẹ̀dà

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn tó ní My Book Live, díìsìkì ilé tó so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, jí, wọ́n sì bá díìsìkì wọn ní òfìfo. Ẹnì kan ló gba íńtánẹ́ẹ̀tì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, DeadBolt, ètò ajínigbé fáìlì, ti fáìlì mọ́ inú NAS (àpótí díìsìkì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) tó dojú kọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń béèrè 0.03 bitcoin. RAID, tó ń kọ ohun kan náà sórí díìsìkì méjì, ò lè gba ẹnikẹ́ni níbẹ̀ torí ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ lórí díìsìkì kan ń pa rẹ́ lórí èkejì ní ìṣẹ́jú kan náà.

```
sudo apt install restic
sudo restic -r /mnt/eda init
sudo restic -r /mnt/eda backup /srv /etc
```

Restic ni ètò tó ń ṣe ẹ̀dà, `/mnt/eda` sì ni díìsìkì ìta tí ẹ so mọ́ sáfà. Pásíwọ́ọ̀dù tó bá béèrè ni kí ẹ kọ sórí ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí kì í ṣe orí sáfà. Tó bá sọnù, ẹ̀dà náà ti lọ nìyẹn. Ẹ tú díìsìkì náà tí iṣẹ́ bá parí, torí èyí tó wà lára ẹ̀rọ nígbà gbogbo ni olè á tì mọ́ ìyókù. Ẹ̀dà kejì yẹ kó wà nílé mìíràn. Dátábéèsì tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣeé dà kọ bí fáìlì lásán. Ẹ fi `pg_dump` tàbí `mariadb-dump` kó o jáde ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹ kó lè má ṣí mọ́.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù:

```
sudo restic -r /mnt/eda check
sudo restic -r /mnt/eda restore latest --target /tmp/danwo
```

Ẹ ṣí fọ́tò méjì mẹ́ta nínú `/tmp/danwo` kí ẹ fojú ara yín rí i. Iná tó ń já lójijì náà máa ń ba dátábéèsì àti káàdì SD jẹ́. Níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ṣì dáa sàn ju Pi tí kò ní UPS lọ. Ẹ fi `HandleLidSwitch=ignore` sínú `/etc/systemd/logind.conf`, kó má baà sùn tí ẹ bá pa á dé.

Tí ara bá ń fu yín

```
sudo journalctl -u ssh --since today | grep Accepted
```

Tí SSH bá wà ní gbangba, ẹgbẹ̀rún `Invalid user admin` lọ́jọ́ kan ò lè pa kọ́kọ́rọ́ lára. `Accepted` láti àdírẹ́sì tí ẹ ò mọ̀ ni ọ̀ràn. Ẹ tún wo `top`. Bí ẹ̀rọ bá gbóná, tí fáànù ń pariwo, tí ètò kan gba gbogbo CPU, ẹ ka orúkọ rẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà. `kdevtmpfs` jẹ́ ti Linux. `kdevtmpfsi`, tó fi `i` kan lé e, jẹ́ ètò tó ń fi iná yín wa owó kírípítò fún olè. Ẹ wo `sudo crontab -l`, `/etc/cron.d` àti `authorized_keys` bóyá ìlà àjèjì wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá rí i, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọ̀sán pa ètò náà kó tún jí lóru. Ẹni tó ti di root (alákòóso tó láṣẹ lórí ohun gbogbo) lè ti fara pamọ́ síbi mẹ́wàá. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ fáìlì yín wò, ẹ nu díìsìkì pátápátá, ẹ fi Debian tuntun sí i, kí ẹ dá dátà padà láti inú ẹ̀dà tó ṣáájú ọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ hàn. Ètò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbà láti orísun rẹ̀, ẹ má mú u látinú ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà, láti orí kọ̀ǹpútà tó mọ́, ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ SSH, ti WireGuard, àti gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ tẹ̀ sórí sáfà yẹn rí, kí ẹ tó dá wáyà náà padà.